Ọkùnrin Tó Sunkún Òkú Inú Eré

                                        Agbo-ilé Aláró,
                                        Kemta,
                                        Abẹ́òkúta,
                                        Ìpínlẹ̀ Ògùn.
                                        Ọjọ́ kẹwàá, oṣù Kejì, ọdún 2025.

Títílọlá, ọ̀rẹ́ mi àtìgbà èwe,

Báwo ni nǹkan? Báwo ni Àkúrẹ́ àti àwọn òkè rẹ̀ tí o ní wọn kò tó Olúmọ? Mo kí ọ kú ọyẹ́, mo kí ọ kú ìtọ́jú ọmọ, mo kí ọ kú wàhálà iṣẹ́ ìjọba. Ṣé Akóredé ọkọ rẹ wà dáadáa? Motúnráyọ̀ ńkọ́, ṣé eyín tó ń yọ lẹ́nu rẹ̀ ń jẹ́ kí ẹ fojú kan oorun? Mo gba Igbein kọjá ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀, mo sì yà kí màmá rẹ. Ara wọn le, orúnkún tó ń dùn wọ́n ti rọlẹ̀ díẹ̀, wọ́n sì ní kí n sọ fún ọ pé fóònù tí o rà fún àwọn gbọ́n ju àwọn lọ, pé kí o wá gbà á padà. Èmi náà wà. Aró ti sọ èékánná mi di dúdú bí ìṣe rẹ̀, ọyẹ́ ti bó mi létè, ọjà Ìtòkú kò yá, kò sì kú. A dúpẹ́ pé a wà láàyè.

O fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. O ní o gbọ́ pé Alhaji Sàlàhúdíìnì, bàbá Usamah, ti jáde láyé, o sì bi mí pé ọjọ́ wo ni ìnáwó, kí o lè tètè gba àyè níbi iṣẹ́. Mo gbọ́ ọ. N kò dá ọ lóhùn nítorí inú ń bí mi, ohùn mi sì máa ń há bí inú bá ń bí mi. Mo ní kí n kúkú jókòó kí n kọ ọ́, kí Haleemah aládùúgbò wa tó ń bọ̀ ní Àkúrẹ́ lọ́jọ́rú bá mi mú un wá. Màá dáhùn ìbéèrè rẹ kí n tó fi pẹ́ẹ̀nì sílẹ̀. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ ro ẹjọ́ Bọ́lárìnwá fún ọ, nítorí ọkùnrin náà ti sú mi débi pé bí mo bá gbọ́ orúkọ rẹ̀, mo ń pòṣé kí n tó mọ̀.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé eré kan fún ọ, torí inú rẹ̀ ni gbogbo ọ̀ràn yìí ti bẹ̀rẹ̀. Kamaldeen àbúrò mi ló kó o wá sílé láti yunifásítì. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, àwa márùn-ún a jókòó yí tábìlì tí a fi ń ká aṣọ ká lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù wa. Eré náà kò jọ lúdò, kò jọ ayò, kò sì jọ géèmù orí fóònù. Ìtàn ni. Kamaldeen ni asọ̀tàn: òun ló mọ ìlú tí a wà, òun ló mọ ohun tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Àwa yòókù, oníkálùkù ló ní ẹ̀dá ìtàn kan tirẹ̀, tí yóò máa gbẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀, tí yóò sì máa pinnu ohun tí yóò ṣe. Bí o bá fẹ́ kí ẹ̀dá tìrẹ fo odò tàbí kí ó gún ẹnì kan lọ́bẹ, o máa ju dáìsì, iye tó bá sì já ni yóò sọ bóyá ó ṣeé ṣe. Ó dùn, n kò ní purọ́. Ìlú tí Kamaldeen fi ṣe ìtàn náà ní àpáta àti odò bíi tiwa, ogun sì wà nínú rẹ̀ bíi ti ayé àtijọ́.

Mọ́níkẹ́ wà níbẹ̀, ọmọ Kemta yìí náà ni, òun ló ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì tó kọjú sí mọ́ṣáláṣí. Ẹ̀dá tirẹ̀ jẹ́ obìnrin ọlọ́bẹ méjì tí kì í rẹ́rìn-ín. Bọ́lárìnwá, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní lítíréṣọ̀ ní ilé-ìwé aládàáni kan ní Igbein, fi tirẹ̀ ṣe ọmọ ọba tí wọ́n lé kúrò nílùú. Kí ló tún máa fi ṣe? Èmi, aláró ni mo fi tèmi ṣe, torí n kò mọ irọ́ pa. Usamah tiwa, ọmọ Òwu, fi tirẹ̀ ṣe arúgbó atukọ̀ kan tó ń jẹ́ Ògúnrìndé. Kò ní idà, kò ní ọfà, àjẹ̀ ìwakọ̀ nìkan ló ní, ó sì mọ gbogbo òkúta tó wà nísàlẹ̀ odò. Bí Usamah bá ti ń gbẹnu Ògúnrìndé sọ̀rọ̀, yóò wúkọ́ díẹ̀, yóò fa ọ̀rọ̀ náà gùn, yóò ní, “Ẹ fara balẹ̀, ẹ fara balẹ̀.” O rántí ẹni tó máa ń sọ̀rọ̀ báyẹn. Alhaji ni. Bí Alhaji ṣe máa ń sọ fún wa nígbà tí a bá ń sáré kọjá lára aṣọ tí ìyá Usamah sá, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọmọ rẹ̀ ṣe ń sọ ọ́ lórí tábìlì wa. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, a sì máa ń rẹ́rìn-ín.

Ohun tó kọ́kọ́ rí mi lára nínú eré yìí ni bí wọ́n ṣe ń pa èèyàn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo bá wọn jókòó, a dé ẹnu ibodè kan, ọkùnrin kan sì ń ṣọ́ ọ. Mọ́níkẹ́ ju dáìsì, ó gún ọkùnrin náà lọ́rùn, kò mí kanlẹ̀ kí ó tó bi Kamaldeen pé kí ló wà nínú àpò rẹ̀. Mo ní ta ni ìyàwó ọkùnrin náà. Wọ́n wò mí bí ẹni tó da iyọ̀ sínú tíì. Kamaldeen ní, “Àǹtí mi, kò níyàwó. N kò dá ìyàwó fún un.” Ẹ gbọ́ o. Ẹni tí kò níyàwó, tí kò ní ìyá, tí kò ní ọ̀rẹ́ tó máa wá a, tí wọ́n dá sáyé kí wọ́n lè pa á kí wọ́n sì tú àpò rẹ̀ wò. Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, wọ́n pa èèyàn tó tó kún mọ́tò kan. Lẹ́yìn náà, wọ́n jókòó ti àwọn òkú náà, wọ́n ní ẹ̀dá àwọn ń sun ẹran ìgbẹ́ jẹ. Kò sẹ́ni tí ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n. Kò sẹ́ni tó lá àlá burúkú. Kò sẹ́ni tó tilẹ̀ fọ ọwọ́ kó tó jẹun. Mo sọ fún wọn pé ní ilé wa, ẹni tó bá pa adìẹ pàápàá a máa dárúkọ Ọlọ́run. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní mo fẹ́ sọ eré di wáàsí.

Ṣùgbọ́n ti Mọ́níkẹ́ ṣì sàn. Òun kò ṣe bí ẹni pé ó dùn ún. Ti Bọ́lárìnwá ló ń fẹ́ mú mi bì. Ẹ̀dá tirẹ̀ náà ń pa èèyàn bí ẹni ń pa ẹ̀fọn, ṣùgbọ́n bí ẹni tó bá kú bá jẹ́ ẹni tí a ti bá sọ̀rọ̀ rí, tàbí kí ó jẹ́ ẹṣin tirẹ̀, a wọ gàù. Yóò dìde nídìí tábìlì. Yóò bọ́ awò ojú. Yóò wo òkè àjà bí ẹni pé ẹnì kan wà níbẹ̀ tó ń yà á ní fọ́tò. Yóò wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí ọkàn ọmọ ọba ṣe fọ́ sí wẹ́wẹ́, bí ọ̀fọ̀ ṣe di ẹ̀wù sí i lọ́rùn, bí òun kò ṣe ní rẹ́rìn-ín mọ́ láyé. Títí Kamaldeen yóò fi mu ife tíì kan tán, a kò tíì kúrò lórí ọkàn ọmọ ọba. Nígbà tó bá parí, yóò jókòó, yóò wò wá lójú lọ́kọ̀ọ̀kan bóyá a rí i. Mo ti rí àwọn tí wọ́n ń háyà láti wá sunkún níbi òkú, Títílọlá, wọn kò fi ojú wá ìyìn bẹ́ẹ̀.

Alhaji wá kú. Òwúrọ̀ Ọjọ́rú ni, ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù tó kọjá. Ó kírun àsùbáà, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun sinmi díẹ̀ kí òun tó lọ sí Ìtòkú, kò sì jí mọ́. O mọ bí tiwa ṣe rí, tàbí kẹ̀, bóyá o kò mọ̀, torí ẹ̀yin onígbàgbọ́ máa ń fi òkú sí yìnyín. Wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n kírun sí i lára, nígbà tí a fi máa kírun alásárì wọ́n ti sin ín. Wọ́n tẹ́ ẹní síwájú ilé ní Òwu, Usamah jókòó sórí rẹ̀ láàárín àwọn àbúrò bàbá rẹ̀, àwọn èèyàn sì ń wá kí wọn títí di ọjọ́ kẹjọ tí wọ́n ṣe fìdáù. Èmi àti Kamaldeen lọ lọ́jọ́ ìsìnkú náà. Ojú Usamah gbẹ. Ó kàn ń di ọwọ́ oníkálùkù tó bá kí i mú, kò sì tètè fi í sílẹ̀.

Kamaldeen fi ìròyìn náà sórí fóònù fún àwọn tí a jọ ń ṣeré. Bọ́lárìnwá fi àwòrán ojú kékeré tó ń sunkún mẹ́ta lélẹ̀. Ó parí síbẹ̀.

Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, mo ní kí a má ṣeré. Wọ́n ní eré ò ní í dúró, pé bí a bá fi ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀, ìtàn yóò tutù. Mo ní ta ni yóò gbẹnu Ògúnrìndé sọ̀rọ̀ nígbà tí Usamah wà lórí ẹní ní Òwu. Kamaldeen ní òun á wá nǹkan ṣe sí i. Ohun tó ṣe sí i ni pé ó pa á. Àwọn ọlọ́ṣà ta ọfà láti ẹ̀bá odò, ọ̀kan ba arúgbó náà láyà, ó ṣubú sínú omi. Mo pariwo mọ́ àbúrò mi. Ó ní dáìsì ló sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún méjìlélọ́gbọ̀n tó ti kàwé gboyè ń fi dáìsì bò mí lójú. Mọ́níkẹ́ kò tilẹ̀ gbójú sókè, ó ní, “Ta ló máa wa ọkọ̀ báyìí?” Ọlọ́run ló mọ bí mo ṣe kórìíra rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Kí n tó rí ohun tí mo máa sọ, Bọ́lárìnwá ti dìde. Ó fún Mọ́níkẹ́ ní fóònù rẹ̀, ó ní kó bá òun ká a sílẹ̀, ó bọ́ awò ojú. Títílọlá, omijé gidi jáde. Mo rí i. Ó na ọwọ́ sí etí tábìlì bí ẹni tó fẹ́ fa èèyàn jáde nínú odò, ó ń pe Ògúnrìndé ní bàbá, ó ní òun kò ní bàbá mìíràn mọ́ láyé, ó ní ta ni yóò sọ fún òun pé kí òun fara balẹ̀. Ó tilẹ̀ wúkọ́ bí Ògúnrìndé ṣe máa ń wúkọ́. Ikọ́ Alhaji ni ó ń hú, nínú ilé wa, nígbà tí ilẹ̀ sàréè ọkùnrin náà kò tíì gbẹ.

Mo jẹ́ kó parí. Nígbà tó ń nu ojú, mo bi í pé ṣé ó ti dé Òwu láti kí Usamah. Ó ní, “Màá lọ.” Mo ní nígbà wo. Ó ní òkú àgbà ni, Alhaji ti lé ní àádọ́rin ọdún, wọn kò ní í ṣàì dá ọjọ́, pé òun á wà níbẹ̀ lọ́jọ́ ìnáwó. Ọkùnrin tó ń gun ọ̀kadà kọjá ní iwájú ilé Usamah láràárọ̀ tó bá ń lọ síṣẹ́. Ó jókòó tì mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, ó ń yan orin tí yóò fi sí abẹ́ fídíò náà. Ó gbé e sórí ẹ̀rọ ayélujára kó tó kúrò nílé wa. Ní ọjọ́ kejì ni Kamaldeen fi hàn mí bí àwọn tí kò mọ̀ wá rí ṣe ń yìn ín, tí wọ́n ní ọkùnrin tó lè sunkún báyìí fún ẹni tí kò sí láyé, ọkàn rẹ̀ á mọ́ gan-an ni. Mo ní kó gbé fóònù rẹ̀ kúrò níwájú mi.

Lánàá, Usamah padà wá. Ó ti rù. Ó gbé ọ̀rá dàbínù kan wá tó ṣẹ́kù níbi sàárà, ó pín in fún wa, ó jókòó sí àyè rẹ̀. Bọ́lárìnwá ní, “Ọ̀gá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta,” ó sì mú dàbínù. Mo wo ẹnu rẹ̀ bó ṣe ń jẹ ẹ́. Kamaldeen, tí ojú ń tì díẹ̀, fa ìwé tuntun yọ, ó ní kí Usamah dá ẹ̀dá ìtàn mìíràn, pé arúgbó yẹn ti ṣe tirẹ̀. Usamah ní òun mọ̀, pé òun ti rí i lórí fóònù. Ọjọ́ fìdáù ni àbúrò rẹ̀ obìnrin fi fídíò náà hàn án, tó ń bi í pé ta ni ọkùnrin tó ń hú ikọ́ bàbá àwọn yìí.

Bọ́lárìnwá nìkan ló rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó rò pé ìyìn ń bọ̀.

Usamah bi Kamaldeen pé níbo ni wọ́n sin Ògúnrìndé sí. Kamaldeen ní a kò sin ín, odò ló gbé e lọ, a sì ti kọjá ìlú méjì láti ìgbà yẹn. Usamah mi orí. Ó ní kò burú, òun kò ní dá ẹ̀dá tuntun tó jìnnà, ọmọ Ògúnrìndé ni òun yóò jẹ́. Ó ní òun ti rìn tẹ̀lé etí odò láti ọjọ́ tí bàbá òun ti jáde nílé, òun wá bá àwọn tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀. Lẹ́yìn náà ó fi ohùn ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, kò wúkọ́, kò fa ọ̀rọ̀ gùn.

Ó ní, “Èmi ni ọmọ Ògúnrìndé.”

Ó sì dúró. Ó ń wò wá.

Bí o bá wà níbẹ̀, Títílọlá, ìwọ náà á mọ ohun tó kàn. Ọmọ òkú dúró níwájú rẹ, ẹnu rẹ á kàn là fúnra rẹ̀. Kò sí ọmọdé kan ní gbogbo Ẹ̀gbá tí a kò kọ́ ní èyí. Bọ́lárìnwá dìde. Mo ní nínú mi pé, ó ti yé e. Ó bọ́ awò ojú. Ó tún wo òkè àjà. Ó ní, áà, ọmọ Ògúnrìndé, o kò mọ bí ó ti rí fún mi, o kò mọ oorun tí n kò sùn, o kò mọ bí ọkàn mi ti ya. Èmi, èmi, èmi. Ó sọ ọ́ lọ gbọọrọ. Usamah kò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Nígbà tó parí tó sì ń retí kí a sọ nǹkan, Usamah ní:

“Bọ́lárìnwá, o ò tíì kí mi.”

Bọ́lárìnwá ní kí Kamaldeen kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ ọba kúnlẹ̀, ó di ọmọ náà mú.

Usamah ní, “Mi ò wí ti eré. Èmi ni mò ń wí. Bàbá mi kú. O ò tíì kí mi.”

Ọkùnrin tó ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀, tí ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu rẹ̀, ó la ẹnu, ó pa á dé. Mo ń wò ó, mo sì jẹ́wọ́ fún ọ pé ó dùn mọ́ mi nínú. Kò rí “ẹ kú aráfẹ́rakù” tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ kó tó mọ nọ́ńbà kà. Ohun tó wá rí sọ nígbẹ̀yìn ni, “Mo rò pé ẹ ò tíì ṣe òkú ni. Mò ń retí kí ẹ pe ìnáwó.”

Inú kò bí Usamah, ohun tó sì dùn mí jù nìyẹn. Ó ní, “Kò sí ìnáwó. Ọjọ́ tó kú náà la sin ín.” Lẹ́yìn náà ló wá yíjú sí Mọ́níkẹ́, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní ìyá òun ní kí òun kí i, pé láti ìgbà tí kò ti wá fọ abọ́ mọ́ ni ẹ̀yìnkùlé ti dà rú.

Mo ní ta ló ń fọ abọ́? Mọ́níkẹ́ ọlọ́bẹ méjì. Láàárọ̀ láàárọ̀, kó tó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù, ó ti lọ sí Òwu, ó ti fọ abọ́ àwọn tó wá kí wọn, ó ti gbé omi sílẹ̀ fún wọn, ó ti kí ìyá Usamah nínú yàrá, ó ti padà. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo bi í lẹ́yìn náà pé kí ló dé tí kò sọ fún mi, ó ní, “Ṣé wọ́n máa ń sọ ọ́ ni?” Bẹ́ẹ̀ ni mo ti ń yínmú sí obìnrin yìí láti oṣù mélòó kan, nítorí pé ẹ̀dá ìtàn rẹ̀ kì í ṣọ̀fọ̀. Bó ṣe ń ṣeré ṣì ń rí mi lára o, n kò ní pa irọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n láti òní lọ, kó máa tú àpò gbogbo òkú tó bá wù ú lórí tábìlì mi.

Bọ́lárìnwá gbọ́ ti abọ́ fífọ̀ yìí, ó fò dìde, ó ní òun ń lọ sí Òwu báyìí-báyìí, kí Usamah dìde kí àwọn jọ lọ. Ó ti ń wá bàtà rẹ̀. Usamah kò dìde. Ó ń kó àwọn kóró dàbínù jọ sínú ọ̀rá, ó ní, “Má dààmú. A ti ká ẹní.”

Wọn kò ṣeré mọ́ lánàá. Bọ́lárìnwá yọ fídíò náà kúrò lórí ẹ̀rọ ayélujára kó tó délé, láàárọ̀ yìí ló sì fi ọ̀rọ̀ gígùn kan ránṣẹ́ sí mi nípa bí ara rẹ̀ ṣe gbọgbẹ́. Ara tirẹ̀. N kò fèsì. Kamaldeen ní òun yóò mú ìtàn náà padà sí etí odò lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, kí wọ́n lè rí òkú Ògúnrìndé kí wọ́n sì sin ín dáadáa, Usamah ní òun yóò wá. Èmi náà á wà níbẹ̀. Aláró ni mí nínú eré yẹn, mo lè pèsè aṣọ.

Ìbéèrè rẹ ló kù. O ní ọjọ́ wo ni ìnáwó. Ṣé o rí ìdí tí ohùn mi fi há? Ohun kan náà tí Bọ́lárìnwá sọ ni ìwọ náà sọ, ọ̀rọ̀ yín kò fi ibì kan yàtọ̀, mo sì gbọ́ tirẹ̀ kí n tó gbọ́ tìrẹ. Mo mọ̀ pé ìwọ kì í ṣe irú rẹ̀. Ibi tí o gbé wà jìnnà, ọmọ wà lọ́wọ́ rẹ, àṣà tiyín ni pé kí a dúró títí a ó fi pe èèyàn. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ìwé yìí dípò kí n pòṣé sí ọ.

Wọ́n ti ká ẹní iwájú ilé, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìyá Usamah ṣì wà nínú tàkàbá, kì í jáde, títí oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá yóò fi pé. Wọ́n ti fi ìdérí bo àwọn ìkòkò aró rẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì nínú yàrá tí a ti máa ń sá pamọ́ nígbà tí a wà lọ́mọdé, ó wọ aṣọ kan ṣoṣo, aró sì ti ń ṣí kúrò ní ọwọ́ rẹ̀. N kò rí ọwọ́ rẹ̀ ní funfun rí. Nígbà tí mo wọlé kí i lọ́jọ́ fìdáù, ó béèrè àwọn tó ti wá, mo sì kà wọ́n fún un. Ó ní, “Ọmọ Igbein yẹn ńkọ́, èyí tó máa ń ha ìdí ìkòkò ọbẹ̀ mi jẹ?” Mo ní o ń bọ̀. Irọ́ ni mo pa nígbà náà.

Bá mi kí Akóredé, bá mi fi ẹnu ko Motúnráyọ̀ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bá mi kí àwọn ará ilé yín gbogbo. Kamaldeen kí ọ, ojú ṣì ń tì í. Bí o bá dé Òwu, má sunkún, má sọ̀rọ̀ púpọ̀. Kúnlẹ̀, kí i, kí o jókòó tì í. Kò sẹ́ni tó máa pè ọ́, Títílọlá, kò sì sí ìnáwó kankan. Obìnrin kan ló wà nínú yàrá, ó ń ka àwọn tó wá.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹnu rẹ̀ kò mọ́ ṣùgbọ́n tí inú rẹ̀ mọ́ sí ọ,

Làtífátù.